Itọ́ Inú Abọ́ Funfun

Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ọ̀tún ni Àmọ̀pé máa ń lò. Á fi wa yẹ̀pẹ̀ díẹ̀, á rọra tì í bo ibi tí ọkọ rẹ̀ tutọ́ sí. Pupa inú itọ́ náà ti lọ. Ọkọ á ṣì máa rún pákò rẹ̀. Kò mọ nǹkan kan.

Ẹ̀rúnmu ni wọ́n fẹ̀yìn tì sí nígbà tí ọkọ rẹ̀, Josiah, Bàbá Múyì, fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀. Lọ́dún tó kọjá ni ẹ̀jẹ̀ dì sí i lẹ́sẹ̀. Dókítà kan fún un ní oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì. Láti ìgbà náà ni pákò ti ń fa ẹ̀jẹ̀ lérìgì rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ kò rí i. Gulokóómà, àrùn tí ń fọ́ ojú díẹ̀díẹ̀, ti pa ojú òsì, ó sì ti ń jẹ ọ̀tún bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́. Àmọ̀pé kò fẹ́ fi ẹ̀rù kún ẹrù fún un. Yẹ̀pẹ̀ ṣáà wà.

Nígbà tí wọ́n dá a dúró sí ọsibítù n'Ìbàdàn láti ṣiṣẹ́ abẹ sí ojú ọ̀tún náà, Àmọ̀pé ní, "Bàbá Múyì, ẹ ò tíì sọ ti oògùn ẹsẹ̀ fún wọn."

"Oògùn ẹsẹ̀ ni. Kí ni ẹsẹ̀ ń wá lójú?"

Tíṣà ti sọ̀rọ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ. Bàbá Múyì jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó rún pákò, ó tutọ́ sínú abọ́ funfun tí nọ́ọ̀sì gbé tì í. Pupa lórí funfun. Ẹsẹ̀ Àmọ̀pé gbéra fúnra rẹ̀. Símẹ́ǹtì ló bá nílẹ̀.

Ó gbé abọ́ náà, ó di ọ̀dọ̀ Dókítà Ọládòṣù tó fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ náà.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ wo èyí. Wọ́n ń lo oògùn kan fún ẹsẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ kì í tètè dì lára wọn."

Dókítà wo abọ́. "Màmá, ká ní a ti fi abẹ kan ojú yẹn, ẹ̀jẹ̀ lè ya bò ó nínú. Ó lè fọ́ pátápátá."

Wọ́n sún iṣẹ́ abẹ síwájú. Wọ́n ń dín oògùn náà kù díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n sì ń ṣọ́ ẹsẹ̀ náà.

Bàbá Múyì ń kùn. "Ìwọ lo gbé itọ́ mi kiri ọsibítù."

"Èmi ni. Ojú yín ló wà nínú ẹ̀."

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni wọ́n ṣe é. Nígbà tí wọ́n tú báńdéèjì, ó wo ìyàwó rẹ̀ sùn-ùn.

"Ìyá Múyì, gèlè yìí ò bá bùbá yẹn mu."

Àmọ̀pé jókòó sórí símẹ́ǹtì, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Láti ìgbà tí wọ́n ti padà sí Ẹ̀rúnmu, inú abọ́ funfun ni Bàbá Múyì ń tutọ́ sí, àwọn méjèèjì ló sì ń yẹ̀ ẹ́ wò.