Ẹ̀san Tí Mo Gbé Lọ Bá Ọ̀gá Mi

Obìnrin burúkú ni ọ̀gá tí mo kọ́ iṣẹ́ télọ̀ lọ́dọ̀ wọn. Mo ń pè wọ́n ní "wọn" nítorí ẹ̀kọ́ ilé tí mo ní, kì í ṣe nítorí pé ó tọ́ sí wọn. Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi gbá ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀ Abraham Adésànyà, tí mo ń lọ aṣọ, tí mo ń rán bọ́tìnnì mọ́ ẹ̀wù, tí mo ń tẹ ẹ̀rọ títí ẹsẹ̀ mi fi ń wú. Nínú ọdún mẹ́ta yẹn, wọn ò jẹ́ kí n gé aṣọ lẹ́ẹ̀kan péré.

Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yìí mọ̀ pé gígé gan-an ni iṣẹ́. Tí o bá rán aṣọ wọ́, wàá tú u, wàá tún un rán. Èyí tí o bá gé ṣì, ó ti lọ nìyẹn. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọ̀gá mìíràn fi ń fi gígé pamọ́, kí ọmọ iṣẹ́ má baà tètè gbọ́n kó lọ. Tí ọ̀gá mi bá fẹ́ gé aṣọ, wọ́n á wọ yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á ti ilẹ̀kùn. Ìró àlùmọ́gàjí nìkan la máa ń gbọ́. Tí wọ́n bá fi máa jáde, aṣọ ti di apá, ó ti di ara, ó ti di ọrùn, ó kù ká rán an pọ̀.

Mo bẹ̀ wọ́n lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n ní, "Fara balẹ̀, ìgbà tìẹ ń bọ̀." Ìgbà wo? Lọ́jọ́ tí mo ń gba fúrídọ̀ọ̀mù, tí mo kúnlẹ̀ tí wọ́n ń gbàdúrà fún mi, tí àwọn ẹbí mi ń pàtẹ́wọ́, ìgbà tèmi ò tíì dé. Wọ́n gbé àlùmọ́gàjí tuntun lé ẹni tí kò mọ aṣọ gé lọ́wọ́, wọ́n tún ń rẹ́rìn-ín sí fótò. Ṣíọ̀! Orí ìkúnlẹ̀ yẹn gan-an ni mo ti búra pé màá gbẹ̀san.

Mo gba ṣọ́ọ̀bù ní Ṣàngótẹ̀dó. Èrò mi ò pọ̀: màá gba àwọn kọ́sítọ́mà wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ṣọ́ọ̀bù wọn á fi dá páropáro. Ṣùgbọ́n ta ni yóò máa bá mi gé aṣọ? Bàbá télọ̀ kan wà lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí, àgbàlagbà tó máa ń gé aṣọ fún ẹnikẹ́ni tó bá gbé e wá. Màá di aṣọ sínú láílọ́ọ̀nù dúdú kí ẹnikẹ́ni má rí i, màá gbé e dé ọ̀dọ̀ bàbá lẹ́yìn ìrun alásàrí, màá já a sórí tábìlì wọn pẹ̀lú ìwọ̀n tí mo kọ sí bébà. Kí bàbá tó dáhùn ìkíni mi, mo ti yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo ti gbé fóònù, mo ń rojọ́ ọ̀gá mi fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Ẹ̀gbọ́n mi ti mọ ẹjọ́ náà sórí. Tí bàbá bá gé e tán, màá kó o, màá lọ rán an, ẹni tó ni aṣọ á máa yìn mí, èmi náà á máa dúpẹ́.

Ọdún mẹ́rin ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀. Tí ẹ̀gbọ́n mi bá ní kí n kúkú lọ kọ́ gígé níbòmíì, ìdáhùn ti wà lẹ́nu mi: "Ọ̀gá mi ló ba tèmi jẹ́." Wọ́n á ní pẹ̀lẹ́. Kí n sòótọ́, mo fẹ́ràn pẹ̀lẹ́ yẹn.

Lọ́dún kẹrin, mo rò pé Ọlọ́run ti gbọ́ tèmi. Dókítà obìnrin kan tó ń gbé ní Thomas Estate, kọ́sítọ́mà tí ọ̀gá mi fi ń yangàn jù, wọlé tọ̀ mí wá. Oṣù mẹ́fà ni mo ti ń fi fótò aṣọ ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó! Wọ́n gbé lésì funfun kan kalẹ̀, wọ́n ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, níṣojú mi lẹ máa gé e. Aṣọ kan ti há mọ́ mi lọ́rùn rí. I want to be sure."

Mo ní àlùmọ́gàjí mi wà níbi tí wọ́n ti ń bá mi pọ́n ọn. Àlùmọ́gàjí ọ̀hún sì nà gbalaja sórí tábìlì láàárín àwa méjèèjì. Wọ́n wò ó, wọ́n wá wojú mi.

Ìgbéraga ló ní kí n gbé e. Mo ṣẹ́ lésì náà po sí méjì. Fífẹ̀ ọrùn tí mo wọ̀n jẹ́ íǹsì méje. Gbogbo ẹni tó ń gé aṣọ ló mọ̀ pé tí aṣọ bá ti ṣẹ́ po, ìdajì ìwọ̀n lèèyàn ń fi lé e, torí tí o bá tú u, ó máa di ìlọ́po méjì. Èmi tó jẹ́ pé ohun tí ẹlòmíì ti gé ni mo ń rán láti ọdún méje, mo fi íǹsì méjèèje lé e, mo fi ṣọ́ọ̀kì fà á, mo gé e. Nígbà tí mo tú u, háà! Orí àti èjìká méjèèjì lè gba ibẹ̀ kọjá láìfara kan nǹkan kan.

Dókítà ò pariwo. Ì bá sàn kí wọ́n pariwo. Wọ́n rọra ká lésì wọn, wọ́n ní, "Àǹtí, ṣé ẹ mọ aṣọ gé ṣá?" Ọ̀dọ̀ ta ni wọ́n wá gbé e lọ? Ọ̀dọ̀ ọ̀gá mi! Ọ̀gá mi fi aṣọ mìíràn ṣe èjìká ẹ̀, ó dára bí ẹni pé bí wọ́n ṣe fẹ́ ẹ látìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mo rí fótò ẹ̀ lórí status dókítà. Díẹ̀ ló kù kí n sọ fóònù mọ́ ògiri.

Mo sunkún dé ọ̀dọ̀ bàbá, mo ń ṣépè fún ọ̀gá mi láti òkèèrè. Bàbá ń gé ṣòkòtò lọ́wọ́, wọn ò dúró.

"Ọ̀gá ẹ ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ," wọ́n ní. "Kò dáa. Èmi ńkọ́? Ilẹ̀kùn wo ni mo ní?"

Mo wò yíká. Abẹ́ páànù ni tábìlì wọn wà, kò sí ògiri kankan. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi ń gé aṣọ mi ní gbangba, tí oníkẹ̀kẹ́ àti ẹni tó ń bọ̀ láti ọjà ń rí i. Èmi tí mo gbé aṣọ wá nìkan ni kò wò ó.

"Ìwọ á já a sílẹ̀, o ti gbé fóònù," ni bàbá wí. "Mo rò pé o ò fẹ́ mọ̀ ọ́n ni."

Inú bí mi sí bàbá yẹn, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Àmọ́ mo fa àga, mo jókòó.

Oṣù mẹ́jọ ni mo fi kọ́ ọ. Mo gé bébà sìmẹ́ǹtì, mo gé ìró mi àtijọ́, mo gé kọ́tìnì yàrá mi. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ìfẹ́ iṣẹ́ ló ń jí mi láàárọ̀ o. Ìkórìíra ni. Ojú ọ̀gá mi ni mo máa ń rí nínú gbogbo bébà tí mo bá gé, débi pé bàbá ní kí n rọra, pé bébà ò ṣẹ̀ mí.

Nígbà tó di ọjọ́ tí mo gé gáùn kan tó bá mi mu láìsí pé bàbá tọwọ́ bọ̀ ọ́, mo wọ̀ ọ́, mo wọ ọkọ̀ kóróòpe, ó di ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi. Wọ́n jókòó sídìí ẹ̀rọ, wọ́n ti ń lo awò ojú. Mo kúnlẹ̀, ìkúnlẹ̀ ẹni tó wá jà.

"Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ẹ wo gáùn yìí dáadáa. Èmi ni mo gé e, ẹ̀yin kọ́ lẹ sì kọ́ mi. Ẹ fi ọdún mẹ́ta mi ṣòfò, ẹ ti ilẹ̀kùn mọ́ mi, mo sì ti mọ̀ ọ́n!"

Àwọn ọmọ iṣẹ́ dá ẹ̀rọ dúró. Ọ̀gá mi dìde, wọ́n rìn yí mi ká, wọ́n fọwọ́ tọ́ ọrùn gáùn náà wò.

"Ó gún," wọ́n ní. "Ìgbà wo lo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ?"

"Oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn!" Tìgbéraga tìgbéraga ni mo fi sọ ọ́.

"Oṣù mẹ́jọ péré? O mà gbọ́n o." Wọ́n padà jókòó. "Mo ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ fún ọdún mẹ́ta, mi ò jiyàn. Bí ọ̀gá tèmi náà ṣe ṣe mí nìyẹn, ńṣe ni mo yọjú jí gígé wò. Àmọ́ ó ń lọ sí ọdún márùn-ún tó o ti kúrò níbí. Nǹkan tó o lè fi oṣù mẹ́jọ mọ̀, ta ló tilẹ̀kùn ẹ̀ mọ́ ẹ fún ọdún mẹ́rin?"

Wọn ò tọrọ àforíjì. Wọ́n ti ẹsẹ̀ bọ ẹ̀rọ, wọ́n ń rán tiwọn lọ. Èmi tí mo ti to èébú sẹ́nu láti Ṣàngótẹ̀dó, mo dìde, mo kó gbogbo ẹ̀ padà lọ.

Mo ṣì ń bínú sí wọn. Mi ò dárí jì wọ́n, mi ò sì ní í dárí jì wọ́n, obìnrin burúkú ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́ta péré ni tiwọn. Ẹni tó jí ọdún mẹ́rin yòókù, èmi àti ẹ̀ la jọ ń sùn, la jọ ń jí, mi ò sì mọ bí màá ṣe gbẹ̀san lára ẹ̀.