Ojú Olójú Lára Kámẹ́rà Lásúnkànmí

Ẹni tó bá ní iṣẹ́ fótò rọrùn, kó lọ bi Lásúnkànmí ọmọ Ìkirè, tó yá yàrá kan sí ẹ̀yìn ibùdókọ̀ ojú irin ní Ìfọ̀. Lọ́dún 1975, òjò rọ̀ títí, ni ehu funfun bíi ti búrẹ́dì tó ti pẹ́ bá hù sínú lẹ́ńsì rẹ̀, èyí tí àwọn onífótò ń pè ní ojú kámẹ́rà. Gbogbo àwòrán tó yà wá dà bí ẹni pé ọyẹ́ ló mú. Àwọn ará àdúgbò, tí ẹnu wọn kì í sinmi, sọ ọ́ ní Fótò Ọyẹ́. Ó ń bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà á. Tó bá tún ba àwòrán kan jẹ́, Ìkirè ló ń padà sí.

Àsìkò yẹn ni Alájì Ṣàmsúdéènì, oníṣòwò aṣọ, wá bá a. Ìyá rẹ̀, Ìyá Bùrẹ́ímọ̀, kò tíì ya fótò rí láyé.

"Wọ́n ti gbà báyìí, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀," ni Alájì wí. "Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni o, Lásúnkànmí. Mo fẹ́ rí ilà ojú wọn kedere."

Lọ́jọ́rú, Lásúnkànmí múra Èkó. Ọmọ́níkẹ́ ìyàwó rẹ̀ dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ojú olójú kò jọ ojú ẹni. Ẹ ta ẹ̀rọ ìránṣọ mi fún tẹ́lọ̀ ará Àgbàdo tó ń bèèrè rẹ̀, kí ẹ ra ojúlówó."

Ẹ̀rọ yẹn ló sì ń bọ́ wọn láti ìgbà tí ọyẹ́ ti wọ inú fótò.

Lórí káńtà ọlọ́jà l'Ékòó, ojú kámẹ́rà méjì ló wà níwájú rẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó ṣe kámẹ́rà rẹ̀ ló ṣe ọ̀kan, ọgọ́rùn-ún náírà. Ilé iṣẹ́ mìíràn ló ṣe èkejì kó lè bá kámẹ́rà náà mu, ogójì náírà. Owó ọwọ́ rẹ̀ tó ra ti ogójì. Àfi tó bá padà lọ ta ẹ̀rọ Ọmọ́níkẹ́ kó tó lè ra ti ọgọ́rùn-ún.

Bàbá aláàárù kan jókòó síta, ilà mẹ́rin-mẹ́rin ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. Lásúnkànmí kí i, ó tọrọ àyè, ó sì fi ojú kámẹ́rà méjèèjì wò ó lọ́kọ̀ọ̀kan. Ti ọgọ́rùn-ún ka ilà náà pé níbi gbogbo. Ti ogójì kà á pé ní àárín, ṣùgbọ́n nígbà tó gbé ojú bàbá sí etí àwòrán, mẹ́rin di méjì. 

"Ọ̀gá, ṣé ọjà lẹ fẹ́ rà ni, àbí bàbá yìí lẹ fẹ́ fẹ́?" ni ọlọ́jà bi í.

Ó ra ti ogójì. Ó mọ̀ pé bí èèyàn ṣe ń fún ojú pọ̀ nínú oòrùn kó lè ríran dáadáa, bẹ́ẹ̀ náà ni onífótò ṣe lè fún ojú kámẹ́rà pọ̀. Tí oòrùn bá ti wà, etí àwòrán yóò mọ́.

Àfi bí Jímọ̀ ṣe dé, tí Ìyá Bùrẹ́ímọ̀ jókòó sínú pálọ̀, tí wọ́n ní àwọn kò jáde.

"Oòrùn ń ta mí lójú. Ibí ni mo wà."

 Pálọ̀ ṣókùnkùn, ẹ̀yìn Lásúnkànmí sì ti kan ògiri. Tó bá ya ìyá láti gèlè dé ẹsẹ̀ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń ya àgbà, etí àwòrán ni ojú wọn máa bọ́ sí. Tó bá fi ojú wọn sí àárín, ó gé ẹsẹ̀ àgbàlagbà nìyẹn, ta ló sì ń dárí irú ẹ̀ jini? Ó gbé ojú ìyá sí àárín, ó sì tẹ kámẹ́rà.

Lọ́jọ́ Àìkú, nínú pálọ̀ ìyá rẹ̀, Alájì gba fótò náà, ó pariwo.

"Ẹsẹ̀ ìyá mi dà? O gé ẹsẹ̀ ìyá mi!"

Lásúnkànmí dọ̀bálẹ̀. Ẹrù rẹ̀ ló ti ń dì lọ́kàn.

"Gbé e wá," ni Ìyá Bùrẹ́ímọ̀ wí. Wọ́n mú un súnmọ́ ojú, wọ́n ń fi èékánná tọ ilà náà. "Ọ̀kan, méjì, mẹ́ta. Ìkẹrin tó wọ́ rèé. Mo yí orí mọ́ olóólà lọ́wọ́, bàbá mi sì sunkún jù mí lọ." Wọ́n kọjú sí ọmọ wọn. "Ṣàmsú, ẹsẹ̀ yìí kò gbé mi dé ibì kankan mọ́. Ojú yìí ni bàbá mi máa fi dá mi mọ̀ tí mo bá délé."

Alájì wo ìyá rẹ̀, ó wo fótò, kò sì bèèrè ẹsẹ̀ mọ́.