Kọ̀mpáílà tí Gbogbo Wa Fohùn Ṣọ̀kan Lé Lórí

Ẹ má sọ fún mi pé Àṣíáwù ò mọ iṣẹ́. Ẹni tó bá tún sọ ọ́ létí mi, èmi àti olúwa ẹ̀ la máa jọ wọ ṣòkòtò kan náà.

Ọmọ Ìkirè làwa méjèèjì. A jọ máa ń wọ ọkọ̀ lọ sí Àpòmù láràárọ̀ ni, níbi tí oko ìwádìí kòkó wa wà. Taípíìsì ni mí, Adébímpé lorúkọ mi. Àṣíáwù ló ń tọ́jú kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ kan tó ga tó kọ́bọ́ọ̀dù, tí iléeṣẹ́ kan l'Ékòó lò gbó kó tó tà á fún wa ní 1981. Ọdún mẹ́fà gbáko ló fi kọ ètò tó ń ṣèṣirò igi kòkó: igi tí èso rẹ̀ máa ń rà bí òjò bá pọ̀, igi tí tirẹ̀ kì í rà, igi tó yẹ ká mú irúgbìn lára rẹ̀ fún àwọn àgbẹ̀ Ararọ̀mí-Òwu. Èdè kan tí wọ́n ń pè ní Fortran ló fi kọ ọ́.

Ẹ̀rọ ò kúkú gbọ́ Fortran. Ètò mìíràn gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀, kọ̀mpáílà ni wọ́n ń pè é, tí yóò kọ́kọ́ sọ ohun téèyàn kọ di ohun tí ẹ̀rọ lè ṣe. Bí kò bá sí kọ̀mpáílà, kò síṣẹ́. Ní 1987, iná mànàmáná ya wọlé lọ́jọ́ kan pẹ̀lú agbára, ó ba kọ̀mpáílà tó wà lórí dísìkì jẹ́ pátápátá. Orí téèpù ni ètò Àṣíáwù wà ní tirẹ̀, kò bàjẹ́, ṣùgbọ́n kò wúlò mọ́. Kọ̀mpáílà kan péré la sì lè rà. Tá a bá ra ti Fortran, iṣẹ́ ọdún mẹ́fà jí dìde. Tá a bá ra òmíràn, ó gbé nìyẹn.

Kí ló wá le níbẹ̀? Ṣàmsúdéènì ló le níbẹ̀! Òun ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ṣe olórí ẹ̀ka wa, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìlú òyìnbó dé. Àṣíáwù fi ọdún mẹ́wàá jù ú lọ, ṣùgbọ́n àbúrò Làtífù, ọkọ Àṣíáwù, ni. Ẹ mọ bó ṣe rí nílé wa: ọmọ tí ìyàwó bá bá nílé ọkọ, ọkọ ni. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni lọ́jọ́ tí Àṣíáwù wọlé. Ó fọ aṣọ iléèwé rẹ̀, ó gbọ́únjẹ fún un, kò sì pe orúkọ rẹ̀ rí. "Akọ̀wé" ló ń pè é. Nínú ọ́fíìsì pàápàá, ìkúnlẹ̀ ló fi ń kí i, bọ̀bọ́ náà á sì máa rẹ́rìn-ín.

Kọ̀mpáílà Pascal, èdè mìíràn tó dé lẹ́yìn Fortran, ni Akọ̀wé fẹ́. Ó ní Fortran ti di èdè àwọn arúgbó. Àṣíáwù ò bá a jiyàn. Ó lọ sí Ìbàdàn, ó yá méjèèjì wá láti fi dán ẹ̀rọ wò. Ti Fortran parí iṣẹ́ kí n tó mu ife tíì kan tán. Ti Pascal bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀, ó ń lọ títí wọ́n fi pèrun Àyìlá lọ́sàn-án, ẹ̀rọ wá tẹ̀wé jáde pé àyè ti tán. Iyè ìrántí inú ẹ̀rọ kéré, kò lè gbé Pascal.

Àṣíáwù fi ìwé náà hàn mí. "Bímpé, ẹ̀rọ ti sọ tẹnu ẹ̀. Mi ò ní í bá ọkọ mi jà. Ìwé yìí ni màá gbé kalẹ̀ nípàdé."

Ọjọ́ ìpàdé pé. Ọ̀gbẹ́ni Olúrótìmí, ọ̀gá àgbà wa, ló jókòó sórí àga, èmi ni mò ń kọ àkọsílẹ̀. Ṣàmsúdéènì rojọ́ Pascal bí ẹni ń ṣe wáàsí. Ó wá kan Àṣíáwù. Ó gbé ìwé sórí tábìlì, ó la ẹnu, bẹ́ẹ̀ ni Ṣàmsúdéènì ní, "Ìyàwó wa, òùngbẹ ń gbẹ mí. Bá mi bu omi tútù wá ná."

Ó sì dìde! Mo fẹ́ fà á láṣọ. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n ti ń rán an níṣẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ gbéra kí orí rẹ̀ tó rántí ibi tó wà. Ìsàlẹ̀ ọgbà lọ́hùn-ún ni fìríìjì wà. Kó tó lọ kó tó bọ̀, wọ́n ti nawọ́ sókè dìbò, Pascal ti wọlé. Ṣàmsúdéènì ti gbé ìgbọ̀nwọ́ lé ìwé ẹ̀rọ, kò sẹ́ni tó kà á.

Ọ̀gá àgbà wò mí. "Kọ ọ́ pé gbogbo wa fohùn ṣọ̀kan." Mo kọ ọ́.

Pascal dé. Ẹ̀rọ kò lè gbé e, bí ìwé náà ṣe sọ tẹ́lẹ̀. Oṣù mẹ́rin ni wọ́n fi ń bá a jìjàkadì, kí wọ́n tó fi tapólì bò ó. A wá ń méfò irúgbìn fáwọn àgbẹ̀. Nígbà tí olú iléeṣẹ́ kọ̀wé pé ta ló fa irú àdánù yìí, Ṣàmsúdéènì ní Àṣíáwù tó mọ ẹ̀rọ ju gbogbo wa lọ wà nípàdé, kò sì takò ó.

Wọ́n pè wá jọ, wọ́n ka àkọsílẹ̀. Àṣíáwù ò kúnlẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó ní, "Ṣàmsúdéènì, níbo lo rán mi lọ nígbà tí wọ́n ń nawọ́?"

"Orúkọ mi lo pè?" ni Ṣàmsúdéènì wí. Ọ̀gá àgbà náà gbaná jẹ: "Ìyàwó, o ya aláìlẹ́kọ̀ọ́ tó báyìí?" Ẹ gbà mí! Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ tán nílẹ̀, ọ̀rọ̀ orúkọ ló kù. Ẹ̀yìn náà ni ọ̀gá yíjú sí mi.

"Adébímpé, ìwọ lo kọ ìwé yìí. Ṣé òótọ́ ló wà níbẹ̀?"

Àṣíáwù ń wò mí. Ọmọ mẹ́rin ni mo ní nílé, bàbá wọn ò sì níṣẹ́.

"Òótọ́ ni, sà."

Wọ́n ní kí Àṣíáwù lọ máa ka ọ̀rá tí wọ́n ń gbin irúgbìn sí. Èmi ni wọ́n ní kí n tẹ lẹ́tà tó gbé e kúrò nídìí kọ̀ǹpútà. Mo tẹ̀ ẹ́, àṣìṣe kan ò sí níbẹ̀. Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó kà á tán, ó ní, "O ṣeun, Bímpé." Ká ní ó gbá mi létí ni, ì bá sàn.