Ẹni Tó Mọ Abẹ́ Èkó

Tí mo bá ti rí ẹni tó ń fi igi ya àwòrán sílẹ̀, ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ni mo máa ń rántí, màá sì pòṣé. Ọmọ Aráròmí, ìlú wa létí òkun, ni, iṣẹ́ epo ló gbé e lọ sí Èkó. Gbogbo Kérésì ló ń wálé, àmọ́ kì í kúrò ní èbúté lọ sí ẹ̀bá òkun, kí omi iyọ̀ má baà kan bàtà rẹ̀. Ibẹ̀ ni yóò ti máa ya títì Èkó sórí iyanrìn.

"Ẹ rí báńkì yìí? Itẹ́ òkú ni abẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin ará etí òkun, kí lẹ mọ̀?"

Nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, ó ní ẹ̀gbẹ́ ìyá òun ni ká sin ín sí, òun á fi sàréè náà hàn wá. Kò sẹ́ni tó dá a dúró. A kàn tẹ̀ lé e títí omi fi kan bàtà náà.

Ẹ̀gbọ́n mi nawọ́ sí ìgbì. "Bàbá Ayọ̀, ibẹ̀ yẹn ni. Òkun ti gbé sàréè náà lọ láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Mo ránṣẹ́ sí yín nígbà náà."

Ó bẹ̀rẹ̀, ó ń nu bàtà rẹ̀. Mo rò pé ojú tì í ni. A sin bàbá rẹ̀ síbòmíràn. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ìsìnkú, mo bá a ní èbúté, igi lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ rí báńkì yìí?"

Mo fi ẹsẹ̀ pa Èkó rẹ̀ rẹ́, mo wọ ọkọ̀ mi.