Orúnkún Tí Kò Lè Kúnlẹ̀

Àárọ̀ Sátidé kan ni mo mọ̀ pé nǹkan ń ṣe mí. Mo wà ní ọdún kejì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ ní Abẹ́òkúta. Mo fẹ́ gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì omi, ọwọ́ mi kò lè dì í mú. Oríkèé ìka mi ti wú, ó sì gbóná. Kí oṣù tó parí, ó ti dé orúnkún.

Ìrora náà kì í hàn lójú. Bí mo bá ní n kò lè bá àwọn ẹlẹgbẹ́ mi rìn dé Ṣàpọ́n lọ ya fọ́tò, wọ́n á ní ṣebí mo ń rẹ́rìn-ín lánàá. Nígbà tó yá, wọn kò pè mí mọ́. Fọlákẹ́, tí a jọ ń gbé yàrá, nìkan ló dúró tì mí.

Ó mú mi lọ kí ìyá rẹ̀ ní Owódé. Orúnkún mi kọ̀, n kò lè kúnlẹ̀. Ìdúró ni mo ti kí wọn. Wọ́n dáhùn, ṣùgbọ́n ojú wọn yí padà. Ó tì mí lójú láti sọ pé ọmọ ogún ọdún ń ṣe àìsàn arúgbó. Láìpẹ́, Fọlákẹ́ kó lọ sí yàrá mìíràn. Ó ní ìyá òun kò fẹ́ kí òun bá agbéraga ṣọ̀rẹ́.

Ìyá mi, aláró ní Ìtòkú, fi òrí pa mí lára títí. Nígbà tí kò lọ, a gba ọsibítù lọ. Orí bẹ́ǹṣì la wà títí wọ́n fi kírun ọ̀sán. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi, wọ́n sì ya àwòrán egungun mi. Nígbà tí èsì dé, dókítà ní làkúrègbé ni, irú èyí tí àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀, tó yẹ kí wọ́n máa lé àrùn, ń bá oríkèé ara jà. Ìyá mi béèrè bóyá yóò lọ.

“Yóò rọlẹ̀, Màmá,” ni ó wí. “N kò lè sọ pé yóò lọ.”

Ìyá mi fi ìborùn bo ojú títí a fi délé.

Oògùn tí dókítà fún mi ń ta mí níkùn, ṣùgbọ́n nígbà tó ṣe, ara wíwú náà fà. Mo tún lè forí kanlẹ̀ kírun. Fọlákẹ́ gbọ́ pé àìsàn ni, ó wá bá mi.

“Kí ló dé tí o kò sọ fún mi?”

“Mo rò pé o rí i.”

A jọ sunkún, ṣùgbọ́n a kò tún gbé yàrá kan náà mọ́.

Ẹni tí irú èyí bá ń ṣe, kó má dúró dìgbà tí wọ́n á fojú rí i. Kó sọ ọ́. N kò bínú sí oríkèé ara mi mọ́, nítorí òun náà ń jìyà. Àárọ̀ tí ìka mi bá ká, tí mo sì wé gèlè fúnra mi, mo máa ń sọ pé alihamudulilahi kí n tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.