Wáyà Kẹta

Bí ẹ bá dé Àgọ́-Ìwòyè tí ẹ ní ẹ ń wá Mùbàṣírù, wọn á bi yín pé Mùbàṣírù wo. Ẹ ní Mùbà Wáyà, ọlọ́kadà á gbé yín dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Nínú àwọn ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ń gbé nílùú yẹn, ó ju ogójì lọ tó fọwọ́ ara rẹ̀ fa wáyà sí. Síbẹ̀, lọ́dún tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, àtijẹ ti di ogun fún un. Kọngilá tó ń kọ́ ilé akẹ́kọ̀ọ́ tuntun lọ́nà Ìlápòrú ti sọjú abẹ níkòó pé ẹni tí kò ní sàtífíkéètì ò ní í bá òun ṣiṣẹ́. Mùbà gbé tirẹ̀ jáde, ìwé fíríìdọ́ọ̀mù tí Síkírù ọ̀gá rẹ̀ fún un lọ́dún mọ́kànlélógún sẹ́yìn, ọjọ́ tí wọ́n pa àgbò. Kọngilá náà rẹ́rìn-ín. Ó ní ti ìjọba lòún ń sọ.

Òun àti Abibat ìyàwó rẹ̀ bá jókòó ṣírò. Ilé ẹ̀kọ́ṣẹ́ kan ní Ìjẹ̀bú-Igbó ń gba ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́sàn-án náírà, ìdajì níbẹ̀rẹ̀, ìdajì kí wọ́n tó jókòó ṣèdánwò. Kọngilá ń san ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rin lóṣù. Kí oṣù mẹ́ta tó pé, owó ti padà sílé. Abibat ò janpata. Ó ta ẹ̀rọ ìránṣọ méjèèjì tó fi ń jẹun.

"Bàbá Ọmọ́títí, bí ẹ bá ti gbàwé yẹn, tuntun lẹ máa rà fún mi o."

Mùbà ti pé ọmọ ọdún méjìdínláàádọ́ta nígbà tó lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì láàárín àwọn ọmọ tó lè bí. Dádì ni wọ́n ń pè é. Kò bínú. Lọ́sẹ̀ karùn-ún, Ọ̀gbẹ́ni Zechariah tó ń kọ́ wọn gbé wáyà kan tó ní ẹ̀ka mẹ́ta sókè, ó fọwọ́ kan èyí tó láwọ̀ ewé. Ó ní kí ni wáyà kẹta yìí tí wọ́n ń pè ní ẹ́ẹ̀tì wà fún. Mùbà ló kọ́kọ́ nawọ́.

"Ti àrá ni, sà."

Ohun tí Síkírù kọ́ ọ nìyẹn. Síkírù ní ṣebí iná mànàmáná là ń pè é. Bí mànàmáná bá kọ, wáyà yẹn ló máa gbé àrá lọ sínú ilẹ̀. Ilé tí ọ̀pẹ tó ga jù ú bá wà nítòsí rẹ̀, àrá ò ní í yà síbẹ̀, kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe? Gé e, kí owó onílé má baà pọ̀. Ọ̀pẹ sì kún Àgọ́-Ìwòyè bámúbámú. Mùbà gé e káàkiri gbogbo ilé wọ̀nyẹn, tọkàntọkàn.

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gbẹ́ni Zechariah ò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀.

"Dádì, ti èèyàn ni. Bí iná bá jò sára irin, ibẹ̀ ló máa gbà wọlẹ̀. Bí ẹ ò bá so ó, ara ẹni tó bá fọwọ́ kan irin yẹn ló máa gbà."

"Níkẹ́," ni Mùbà sọ, kò tiẹ̀ mọ̀ pé òun sọ ọ́ síta.

Akẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́dún kejì ni Níkẹ́, nílé Ọ̀gbẹ́ni Ọláníyọnu, ọ̀kan lára àwọn ilé tí Mùbà fa wáyà sí, lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn. Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, ó fi ẹsẹ̀ lásán dúró nínú omi, ó fọwọ́ kan pọ́ǹpù oníná tó ń fa omi, kò dìde mọ́. Wọ́n ní iṣẹ́ ayé ni. Wọ́n pàrọ̀ pọ́ǹpù, wọ́n gbàdúrà. Mùbà fúnra rẹ̀ bá wọn gbé òkú ọmọ náà, ó sunkún, ó ṣàmín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pe ọkùnrin yìí ní ìkà. Ó gba ọ̀gá rẹ̀ gbọ́ ni, ohun tó sì ń bà mí nínú jẹ́ jù níbẹ̀ nìyẹn.

Kò padà sí kíláàsì. Owó ìdánwò tó kù, wáyà aláwọ̀ ewé ló fi rà, ẹrù méjì gbáko. Abibat wo wáyà náà, ó wo kọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ rẹ̀ máa ń wà.

"Ìwé ńkọ́, Bàbá Ọmọ́títí?"

Mùbà gbé ẹrù sórí ọkadà, ó kọ́kọ́ gba ilé Ọláníyọnu lọ, ó ní òun fẹ́ la ògiri fi wáyà yẹn sínú rẹ̀.

"Ògiri tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn lo fẹ́ fọ́?" ni Ọláníyọnu wí.

"Sà, èmi ni mo gé ẹ́ẹ̀tì ilé yìí. Níkẹ́ ìjọ́sí, èmi ni."

Ọláníyọnu bojú wẹ̀yìn, bóyá ẹnì kan gbọ́. Yàrá mẹ́rìnlélógún ló ní, ọmọ ọlọ́mọ wà nínú gbogbo wọn. Ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Lèsí sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ? Níbo ni sàtífíkéètì tí o fi mọ̀? Mú un wá kí n rí i, kí o tó fọwọ́ kan ògiri mi."

Mùbà gbé wáyà náà láti èjìká kan sí èkejì. Owó ìwé náà ló wà léjìká rẹ̀ yẹn.

Iná bá dé. Ariwo ayọ̀ sọ láti yàrá dé yàrá, pọ́ǹpù bẹ̀rẹ̀ sí í kùn lẹ́yìnkùlé. Ilẹ̀kùn ń ṣí, àwọn ọmọ ń sáré bọ̀ tàwọn ti korobá. Mùbà sá lọ dúró síwájú pọ́ǹpù, ó na ọwọ́ méjèèjì.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún díẹ̀, a fẹ́ pọnmi," ni ọmọbìnrin kan wí.

Mùbà wo ẹsẹ̀ ọmọ náà. Kò wọ bàtà.