Nígbà tí Bàbá Mi Kò Gbóòórùn Mọ́

Òórùn ọ̀dà ṣì wà lára ògiri nígbà tí a kó dé Fẹ́sítákì, ní Èkó. Bàbá mi wà lára àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí orí bá wọn ṣe é tí wọ́n fún nílé. Èèyàn jẹ́ẹ́ ni. Bí ọmọ aládùúgbò bá fi bọ́ọ̀lù fọ́ fèrèsé wa, yóò kọ́kọ́ béèrè bóyá gíláàsì kò gé ọmọ náà.

Ohun tó kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ kò tó nǹkan. Ẹ̀wà jóná lórí sítóòfù, òórùn rẹ̀ gba gbogbo ilé, bàbá mi sì jókòó sí pálọ̀ tó ń ka ìwé ìròyìn. Ìyá mi sáré wọlé láti ibi tó ti ń sáṣọ.

“Ṣé ẹ ò gbóòórùn ni?”

“Òórùn kí ni?”

A fi rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn náà ni ìwà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí díẹ̀díẹ̀, bí omi tó ń yọ́ wọlé. Ó ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì kan náà lọ síbi iṣẹ́ láti Ọjọ́ Ajé títí di Ọjọ́ Ẹtì. Ó ń rẹ́rìn-ín níbi tí kò sí ẹ̀rín. Lọ́jọ́ tí ìyá mi gbọ́ ikú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tó ń sunkún, bàbá mi gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ó ní kí ni àwọn máa jẹ. Ẹ̀rù tí mo rí lójú ìyá mi lọ́jọ́ náà ju ìbànújẹ́ lọ. Èmi àkọ́bí, tí mo ti wà ní girama, bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù ìró kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn.

Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wá gbàdúrà. Àwọn kan ní obìnrin kan ló gba ọkàn rẹ̀. Àwọn mìíràn ní wọ́n fi nǹkan sí oúnjẹ rẹ̀ níbi iṣẹ́.

Lọ́jọ́ Àìkú kan, bàbá àgbà kan wá kí wa láti Kuje, abúlé tó wà nítòsí wa. Ìdílé tó ni ilẹ̀ tí wọ́n kọ́ Fẹ́sítákì sí ló ti wá, òun àti bàbá mi sì ti di ọ̀rẹ́. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó ni bàbá mi dìde, ó tọ̀ sára ògiri pálọ̀ lójú gbogbo wa, ó sì padà jókòó bí ẹni tó lọ bu omi mu.

Bàbá àgbà náà kọjú sí ìyá mi.

“Ìyàwó, má bínú sí i. Ẹni tí mo mọ̀ kò lè ṣe báyìí. Gbé e lọ sí ọsibítù, kí wọ́n yẹ orí rẹ̀ wò.”

Ọsibítù kan ní Ìbàdàn ni a gbé e lọ. Dókítà ní kó dijú, ó gbé awẹ́ ọsàn sábẹ́ imú rẹ̀, ó gbé kọfí, ó gbé ọṣẹ. Bàbá mi ní òun kò gbóòórùn kankan. Wọ́n ya àwòrán orí rẹ̀, dókítà sì pe ìyá mi àti èmi.

“Nǹkan kan ń hù nínú agbárí rẹ̀, lókè imú. Ó ti ba ohun tó fi ń gbóòórùn jẹ́, ó wá ń tẹ iwájú ọpọlọ. Ibẹ̀ ló ń dá èèyàn dúró kó tó ṣe ohun ìtìjú. Ibẹ̀ náà ló ń jẹ́ kí ẹkún ẹlòmíràn dunni.”

“Ṣé ó ti pẹ́ tó ti ń hù?” ìyá mi béèrè.

“Á ti tó ọdún mélòó kan, mà.”

A jẹ́ pé ó ti wà níbẹ̀ kí a tó kó dé Fẹ́sítákì. Ó ti ń bá wa jẹun láìsí ẹni tó mọ̀.

Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n yọ ọ́. Òórùn kò padà sí imú rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ìwà rẹ̀ padà bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tó ku àwa méjì nílé, mo bi í bóyá ó rántí nǹkan kan.

“Mo rántí gbogbo rẹ̀,” ó ní. “Mo ń gbọ́ ohun tí mò ń sọ. Mo rí ìyá yín nílẹ̀ tó ń sunkún. Kò kàn dùn mí ni.”

Jẹ́ẹ́ ló ń sọ ọ́, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Mo bu omi fún un, ó mu ún, a sì jókòó bẹ́ẹ̀ títí ìyá mi fi dé.